Ẹ má tíì sanwó pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ wo páìpù

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ó sì máa gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò dísẹ̀lì lè fò ó, àmọ́ ẹ bá mi fi han ẹni tó ní i, pàápàá àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun ní Turin, Brescia, Verona àti Padua. Ọ̀pọ̀ nínú mọ́tò wọn ló ti rìn ju 400,000 kìlómítà lọ. Tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ti ń kọ̀ láti jí láàárọ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ní officina ni pé pọ́ǹpù ti lọ, ìńjẹ́kítọ̀ ti lọ. Owó tí wọ́n á dárúkọ tẹ̀lé e, nígbà míì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n lè ta mọ́tò ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Padua ló jẹ́ kí n kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kó ẹrù àwọn èèyàn wa láti ìlú kan sí òmíràn: fíríìjì, mátíréèsì, táyà, jẹnẹrétọ̀, títí dé èbúté Genoa níbi tí ẹrù ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 ni wọ́n ń wà, irú èyí tí kò ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, tí ìwé ìwakọ̀ lásán gbà láyè. Ó ti rin 487,000 kìlómítà. Ibẹ̀ ni ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun, ọ̀kan nínú wọn wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ohun tí mọ́tò náà ń ṣe rèé. Tó bá ti sùn mọ́jú, wọ́n á máa ta sítátà títí bátìrì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó gbà. Tó bá ti gbóná, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jí. Lórí A4 tó tẹ́jú láti Padua dé Milan, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá di òkè Giovi, níbi tí ọ̀nà ti ń gun kó tó sọ̀kalẹ̀ sí Genoa, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, iná á tàn níwájú awakọ̀, agbára á já, mọ́tò á wá máa wọ́ bí ìgbín, táwọn tírélà á máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Wọ́n tún mẹ́nu ba ohun kan bí ẹni tí kò kà á sí: ó máa ń burú jù tí epo bá ti ń tán nínú táǹkì.

Officina tí wọ́n gbé e lọ so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọn, nọ́ńbà P0087 jáde, wọ́n sì kọ owó sílẹ̀: pọ́ǹpù tuntun, ìńjẹ́kítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó iṣẹ́. €3,400. Ẹ̀gbọ́n ti bẹ olórí àjọ wọn pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kó ti oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó pè mí.

"Àbúrò, ṣebí ìwọ lò ń kàwé lórí páìpù."

Òótọ́ ni, àmọ́ páìpù omi ìlú ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún PhD mi ní Turin dá lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí omi ti ń jò lábẹ́ títì láìgbẹ́ gbogbo títì. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ó máa ń burú jù tí epo bá kéré nínú táǹkì, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí pé ọ̀rọ̀ páìpù gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀nà epo nínú mọ́tò dísẹ̀lì òde òní pín sí apá méjì. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ láti táǹkì, ó gba inú páìpù abẹ́ mọ́tò, ó gba inú fílítà, ó dé ẹnu pọ́ǹpù. Apá kejì ni láti pọ́ǹpù lọ sínú irin gbọọrọ kan tí gbogbo ìńjẹ́kítọ̀, èyí táwọn mẹkáníìkì ilé ń pè ní nọ́súlù, ti ń gba epo tiwọn. Irin yẹn ni wọ́n ń pè ní common rail. Nínú apá kejì yìí, agbára tó ń ti epo lè dé 1,600 bar. Táyà mọ́tò kékeré kì í sábà tó 3 bar, ẹ fi wé e. Apá kìíní wá ńkọ́? Nínú irú mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n ní, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló ń fa epo láti táǹkì. Àwọn mọ́tò míì ní pọ́ǹpù iná kékeré tó ń ti epo wá láti inú táǹkì, nítorí náà ẹ mọ irú tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun tó ń fa epo kò ní ju agbára afẹ́fẹ́ ayé tó wà lórí wa yìí lọ láti fi ṣiṣẹ́, ìyẹn bíi bar 1 péré.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní ìtàn ní Padua. Galileo kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀ láti 1592 sí 1610. Ní 1594, ìjọba Venice fún un ní ìwé àṣẹ pé òun nìkan ló lè lo ẹ̀rọ kan tó ṣe fún gbígbé omi sókè. Nígbà tó darúgbó, nínú ìwé tó jáde ní 1638, ó sọ̀rọ̀ nípa pọ́ǹpù tó ń fa omi tí kò lè fà á kọjá gíga kan, bíi mítà 10 ní ìwọ̀n tiwa. Torricelli tó bá a gbé níkẹyìn ayé rẹ̀ ló wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1644: afẹ́fẹ́ wúwo, òun ló ń ti omi gòkè, pọ́ǹpù kàn ń ṣí àyè sílẹ̀ fún un ni. Mo máa ń kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn tí mo bá lọ sí Padua, mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló máa jẹ́ kí n rántí rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí mo ń lọ ni pé apá tó ní 1,600 bar gbára lé apá tí kò ní ju bar 1 lọ. Apá aláìlera yìí gan-an ni rọ́bà tó ti gbó àti kílíìpù tó ti dípẹtà kún inú rẹ̀. Páìpù tó ń ti nǹkan máa ń jò síta, ẹ á rí epo nílẹ̀. Páìpù tó ń fa nǹkan kì í sábà jò síta, afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé. Ilẹ̀ á gbẹ táútáú, gbogbo èèyàn á sì búra pé kò síbi tó ń jò. Ẹ fi sitíróò tó ti lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mu mínírà wò: kò ní kán sí yín lára, àmọ́ ẹ máa fà á títí ni, afẹ́fẹ́ ni ẹ máa mu jù. Bó ṣe ń ṣe pọ́ǹpù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, dísẹ̀lì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fún, nítorí náà tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú pọ́ǹpù, agbára kò ní gòkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà mọ́tò kò ní jẹ́ kí ìńjẹ́kítọ̀ ṣí nígbà tí ẹ bá ń ta sítátà àfi tí agbára inú irin náà bá dé ìwọ̀n kan, bíi 200 bar nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tí mọ́tò bá sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ á wọlé, epo á sá padà sínú táǹkì. Tí epo inú táǹkì bá sì lọ sílẹ̀, ọ̀nà tí pọ́ǹpù máa fà á gbà á tún gùn sí i. Ohun gbogbo tí ẹ̀gbọ́n sọ ló bá a mu.

P0087 yẹn ńkọ́? Ohun tí nọ́ńbà náà sọ kò ju pé agbára epo inú irin kéré sí iye tí kọ̀ǹpútà béèrè. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi tẹmómítà sí ọmọ lábíyá, tí wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná. Ibà ni àbí eyín ló ń hù? Tẹmómítà kò lè sọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé mo wọ rélùwéè láti Turin, mo yí i ní Milan, mo dé Padua. Ohun tó wà nínú báàgì mi kò pọ̀: họ́ọ̀sì kan tó mọ́ gaara tí a lè rí inú rẹ̀, ìgò kékeré mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba, àti ẹ̀rọ ayẹ̀wò €25 kan tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀.

Fílítà la kọ́kọ́ tú. Ẹ má kàn sọ ọ́ nù bí ẹ bá tú u o! A da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìgò jáàmù, a gbé e sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Omi díẹ̀ fara hàn nísàlẹ̀, torí pé omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ. Mo gbé ìgò náà sí oòrùn, mò ń wá irin: eruku wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ohun tí àwọn ọmọge ń fi sí ojú lọ́jọ́ àríyá. Ká ní mo rí i ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí ó túmọ̀ sí pé pọ́ǹpù ńlá ti ń jẹ ara rẹ̀, a ó sì ní láti fọ gbogbo ọ̀nà epo láti táǹkì dé ìńjẹ́kítọ̀. Kò sí irin. Ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀ díẹ̀. Fílítà tuntun jẹ́ €22.

Ẹ wò ó, omi inú epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Dísẹ̀lì tí a ń rà ní Yúróòpù báyìí lè ní tó ìdá 7 nínú 100 epo tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe, irú epo bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ràn omi. Níbi tí omi bá dúró sí nísàlẹ̀ táǹkì, kòkòrò tí ojú kò rí á máa dàgbà níbẹ̀, á di yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, á dí fílítà. Kì í ṣe epo ọ̀gbìn ló burú o. Níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris ní 1900, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì Diesel kan wá tí òróró ẹ̀pà ló ń lò, ẹ̀pà wa yìí, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ́ńjìnì ìgbà yẹn ń jẹ ohunkóhun. Ti ìsinsìnyí ti di ọmọ ọlọ́lá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi họ́ọ̀sì gaara yẹn sáàárín fílítà àti pọ́ǹpù, ẹ̀gbọ́n ta sítátà. Ẹ̀yin èèyàn mi, hóóhó funfun ń sáré kọjá nínú rẹ̀ bí ẹni pé mínírà ni! Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ibo ló ti ń wọlé? A ti họ́ọ̀sì tó ń wọ fílítà bọ inú kẹ́ẹ̀gì dísẹ̀lì tó mọ́, a gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ìyẹn ni pé a fo táǹkì àti páìpù abẹ́ mọ́tò dá. Hóóhó tán. Tí kò bá tán ni, à bá ní ilé fílítà tàbí rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́. Ó ti wá dájú pé ẹ̀yìn ló wà. A wọ abẹ́ mọ́tò. Níbi tí páìpù irin ti pàdé rọ́bà nítòsí táǹkì, rọ́bà ti sán lábẹ́ kílíìpù gan-an, ibi tí ojú kò lè rí àfi tí ẹ bá tú u. Họ́ọ̀sì tuntun, irú èyí tí wọ́n ṣe fún dísẹ̀lì, pẹ̀lú kílíìpù méjì, jẹ́ €15.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n jáde síta nínú òtútù láti wá wò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò tíì parí níbẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé họ́ọ̀sì ni ìdáhùn sí gbogbo nǹkan. A kó ẹrù sí i, a wà á lọ sí àwọn òkè Colli Euganei tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Padua, fóònù mi sì ń fi agbára epo hàn. Iná kò tàn mọ́, àmọ́ nígbà tí a ń gòkè, ohun tó ń jáde ṣì ń kéré díẹ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń béèrè. Ohun mìíràn ṣì ń jẹ epo yẹn.

A pa dà délé láti wo àwọn ìńjẹ́kítọ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kí n tó gbójú sókè, sípánà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ tú nọ́ọ̀tì páìpù ìńjẹ́kítọ̀ kìíní nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Mo pariwo, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Nílé, lórí àwọn 911 àtijọ́ tó ń kó igi àti yanrìn, bí mẹkáníìkì ṣe ń mọ nọ́súlù tó kú nìyẹn: á máa dẹ nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnì kò yí padà ni aláìsàn. Ọgbọ́n tó dára ni, lórí mọ́tò yẹn. Lórí common rail, epo tó máa tú jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú egbò náà lè kéré bíi ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kó má tiẹ̀ dunni lákọ̀ọ́kọ́, síbẹ̀ èèyàn lè pàdánù ìka tàbí ọwọ́ tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un kíákíá. Ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ń jò, ẹ má tú ohunkóhun ní apá kejì yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá sì pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi kí agbára inú rẹ̀ tó lọ.

Ohun tí a ṣe dípò rẹ̀ rọrùn. Ìńjẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà, agbára ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. A pa ẹ́ńjìnì, a so ìgò kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn, a wá ta á padà, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgò kìíní, ìkejì àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìkẹta ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Inú ìńjẹ́kítọ̀ yẹn ti jẹ, epo tó yẹ kó wọ ẹ́ńjìnì ń sá padà sínú táǹkì. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin! A gbé e lọ fún àwọn tó ń tún ìńjẹ́kítọ̀ nìkan ṣe, €190. Wáṣà bàbà tuntun àti kíkọ nọ́ńbà orí ìńjẹ́kítọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò gba €40. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, wọ́n á fi ìńjẹ́kítọ̀ rere sí i, ẹ́ńjìnì á ṣì máa gbọ̀n.

Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ €292, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayẹ̀wò mi tí ẹ̀gbọ́n fi dandan lé e pé àwọn máa san. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gun Giovi pẹ̀lú ẹrù, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti òkè, ohun tí mo gbọ́ jù níbẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnì àti ẹ̀rín.

Ṣé olè ni officina yẹn? Mi ò rò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kò gbà fún mi títí di òní. Wákàtí kan mẹkáníìkì níbí, owó ńlá ni. Ẹni tó bá lo ọjọ́ kan gbáko láti wá họ́ọ̀sì €15, ta ló máa san owó ọjọ́ yẹn? Kó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ló yá jù fún un, mọ́tò á sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó kéré tán títí rọ́bà yẹn á fi dá wàhálà rẹ̀ sílẹ̀ padà. Àwa tí a ní àkókò ju owó lọ la lè wá a. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ìgò oògùn epo tí wọ́n ń tà ní ilé epo. Ẹ̀gbọ́n ti ra mẹ́fà. Kò sí oògùn tó lè dí ihò rọ́bà.

Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà òtútù nìkan ni tiyín ń kọ̀, tí ẹ ń lọ sórí òkè lápá Aosta tàbí Belluno, ẹ kọ́kọ́ wo epo. Dísẹ̀lì máa ń dì bí òrí nínú òtútù líle, á sì dí fílítà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé epo apá òkè fi ń ta gasolio alpino.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo èyí ni pé itòsí ilé mi ni ọmọ ọlọ́lá yìí ti wá. Ilé ìwádìí Fiat ní Orbassano, lẹ́bàá Turin, wà lára àwọn tó ṣe common rail fún mọ́tò kékeré, kí wọ́n tó tà á fún Bosch ní Jámánì láti parí rẹ̀. Alfa Romeo 156 gbé e jáde ní 1997. Báyìí, àwọn ìlú yìí kan náà ni kò fẹ́ rí dísẹ̀lì tó ti dàgbà mọ́. Láti 2017 ni Piemonte, Lombardia, Veneto àti Emilia-Romagna ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn láti dín wọn kù láàárín ìlú nígbà òtútù nítorí afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́, Milan sì ní Area B tirẹ̀ láti 2019. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mọ́tò àwọn ti níye níbí. Wọ́n ní ọdún kan sí i, bóyá méjì, àwọn fúnra àwọn á wà á wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní Genoa, àbúrò wọn á gbà á ní Èkó.

Àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2020 pé mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde sí àwọn orílẹ̀-èdè míì láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Common rail kún inú wọn. Àwọn mẹkáníìkì wa tó fi 911 kọ́ṣẹ́ ló ń gbà wọ́n lálejò, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé kékeré kan ní Yorùbá fún ẹ̀gbọ́n, a fi ọ̀rá bò ó, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó bá ṣí i kò ní lè ṣàìrí i: MÁ TÚ PÁÌPÙ YÌÍ TÍ ẸŃJÌNÌ BÁ Ń ṢIṢẸ́, Ó LÈ GÉ ỌWỌ́ RẸ. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti nọ́ńbà ìńjẹ́kítọ̀ kẹta.

Tí ẹ bá fẹ́ irú ìwé yẹn fún mọ́tò tiyín tó ń lọ sílé, ẹ kọ̀wé sí mi nínú inbox, màá fi ránṣẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí ẹ bá sì fẹ́ bi mí nípa tiyín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi iye epo tó wà nínú táǹkì nígbà tó bẹ̀rẹ̀.